Ẹ Jẹ́ Kí Ìṣòro Ṣáájú Ẹ̀kọ́ Nínú Kíláàsì

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ kan jáde níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ní sáà tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Alhaji kan, tí ọmọ rẹ̀ wà ní JSS 2 lọ́dọ̀ mi, dìde, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tó ń dùn ún. Ó ní òun yẹ ìwé ìṣirò ọmọ òun wò fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ojú ewé mẹ́ta péré ni òun rí tí wọ́n kọ nǹkan sí, àti pé nígbà tí òun bi ọmọ léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní kíláàsì, ọmọ ní omi tó ń jò láti ẹnu ẹ̀rọ ni àwọn ń wọ̀n. Alhaji wá ní, "Ẹ má bínú, tíṣà, ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn?" Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ, àwọn òbí ti ń wo ọ̀nà ilé, ìdáhùn mi kò sì tẹ́ èmi alára lọ́rùn. Mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí ní Ìlọrin níbí, ó sì wà lọ́kàn àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pẹ̀lú. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè láti dáhùn rẹ̀ bó ti yẹ.

Ohun tí mo gbà gbọ́ kò ju ọ̀kan lọ. Kí a kọ́kọ́ gbé ìṣòro kan kalẹ̀ níwájú ọmọ, ìṣòro tòótọ́ tó ṣeé fojú rí, kí ẹ̀kọ́ wá tẹ̀ lé e nígbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ti rí i pé ohun tí òun mọ̀ kò tíì tó yanjú rẹ̀. Òdìkejì èyí ni à ń ṣe. A ó kọ òfin sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ, a ó ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta, a ó ní kó lọ ṣe márùn-ún wá láti ilé, bí àyè bá sì ṣẹ́kù ní ìparí sáà, a ó wá sọ fún un pé ẹ̀kọ́ yìí máa ń wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ gbẹ́ kànga. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ lọ́nà yẹn gba máàkì, púpọ̀ nínú wọn ló yege ìdánwò WAEC, mi ò sì fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bá ọ̀kan nínú wọn pàdé ní ìjelòó ní ọjà, níbi tó ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà kan mú ìwọ̀n yàrá rẹ̀ wá, ọmọ mi yìí, tó máa ń ka "òòró lọ́nà ìbú" fún mi ketekete ní kíláàsì, kò mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni ohun tó yẹ kí òun ṣe níbẹ̀. Ó fojú bù ú, ó gé e, ó sì kù díẹ̀ káàtó. Mo dúró níbẹ̀, ojú mi wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa omi tí Alhaji gbọ́ nípa rẹ̀ yìí, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Táǹkì omi ilé ẹ̀kọ́ wa wà lórí pẹpẹ búlọ́ọ̀kù tí kò ga ju orúnkún lọ, lẹ́yìn kíláàsì àwọn JSS 1. Tí a bá fa omi kún un ní ọjọ́ Jímọ̀ kí a tó jáde, tí a bá fi máa dé ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, omi ti dín. Ó pẹ́ tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí àwọn kan lára àwa olùkọ́ wá ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé bàbá ọlọ́dẹ ló ń ta omi fún àwọn ará àdúgbò. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Bàbá àgbà yìí kì í fọwọ́ kan omi wa, kódà láti fi ṣe àlùwàlá, inú bùútà tó ń gbé wá láti ilé rẹ̀ ló ti ń bù ú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ní Ọjọ́ Ajé kan mo wọ kíláàsì láìmú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mo bi wọ́n pé, "Omi táǹkì yìí, níbo ló ń lọ?"

Ariwo ta. Nígbà tó rọlẹ̀, mo pín pátákó sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a mọ̀, ohun tí a kò mọ̀, ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló ní, "Màá, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn yẹn kì í dákẹ́." A lọ wò ó. Lóòótọ́ ni, omi ń jò lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ó tín-ín-rín bí fọ́nrán òwú, ó ń bọ́ sórí òkúta, ó ń gba abẹ́ koríko lọ sínú gọ́tà. Ojoojúmọ́ ni gbogbo wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ ní èyí kéré jù láti dín omi táǹkì kù. Mo ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó sọ pé ó kéré.

Wọ́n gbé igò omi onílàjì lítà síbẹ̀, ẹnì kan ń wo aago. Ìṣẹ́jú 8 ni igò kún. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí ọmọbìnrin kan ní ẹ̀ẹ̀kan kò tó gbára lé, n kò sì tíì kọ́ wọn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Láti aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀ sí aago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, wákàtí mélòó ni? Àwọn kan pariwo pé 72. Àwọn kan fi ìka kà á, wọ́n ní ọ̀sán dé ọ̀sán ni ọjọ́ mẹ́ta ń jẹ́ 72, àárọ̀ ni a sì ń dé, nítorí náà kí a yọ wákàtí 5 kúrò. Ó ku 67. Wákàtí 67 jẹ́ ìṣẹ́jú 4,020; tí a bá fi 8 pín in, igò 502 àti ààbọ̀ ni, ìyẹn lítà 251 àti díẹ̀. Kíláàsì dákẹ́. Ẹnì kan wá sọ ọ́ lọ́nà tó yé gbogbo wọn pé kẹ́ẹ̀gì oní lítà 25 mẹ́wàá nìyẹn, ó sì tún lé díẹ̀.

Ṣé omi tó ń jò yìí nìkan ni, àbí ẹnì kan tún ń bù ú lóòótọ́? Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró dè wọ́n. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan gun àga, ó ki igi bọ táǹkì, wọ́n sàmì sí ibi tí omi dé. Ní Ọjọ́ Ajé wọ́n tún ki igi náà bọ̀ ọ́, omi ti fi sẹ̀ńtímítà 16 lọ sílẹ̀. Sẹ̀ńtímítà 16 nínú táǹkì roboto, lítà mélòó ni? Wọn kò mọ̀ ọ́n. N kò tíì kọ́ wọn. Wọ́n wò mí lójú, mo sì rí i pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kíláàsì odindi ń fẹ́ kí n kọ́ wọn ní òfin ìṣirò kan.

Wọ́n fi okùn yí táǹkì po, ó jẹ́ mítà 4 àti sẹ̀ńtímítà 40. Báwo la ó ṣe mọ ìwọ̀n ìlà tó gba àárín rẹ̀ kọjá láìgé e sí méjì? Mo ní kí wọ́n mú agolo mílíìkì, ìdérí garawa àti àwo oúnjẹ wá, kí wọ́n wọn àyíká kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn àárín rẹ̀, kí wọ́n fi èyí pín tọ̀hún. Bó ti wù kí nǹkan náà tóbi tó, ìdáhùn máa ń lé díẹ̀ lórí 3 ni. Ìgbà yẹn ni mo tó kọ 22/7 sójú pátákó. Àárín táǹkì jẹ́ mítà 1.4, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.7, ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1.54 ní mítà oníhà-mẹ́rin. Tí a bá fi 0.16 sọ ọ́ di púpọ̀, tí a sì fi 1,000 sọ èyí di lítà, lítà 246 àti díẹ̀ ni omi tó lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ohun tí igò wí kò tó lítà 5. Kò sí ẹni tó ń bu omi. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ bá a lọ sí i láìjẹ́ pé mo rán an: ó wọn gíga táǹkì, mítà 1.3, ó ṣírò gbogbo rẹ̀, ó rí lítà 2,002, ó sáré jáde lọ wo ara táǹkì, ó sì pariwo láti ìta pé, "Màá, 2,000 ni wọ́n kọ sí i!"

Púlọ́mbà tú ẹ̀rọ náà níwájú wọn, ó fi rọ́bà tó ti jẹ nínú rẹ̀ hàn wọ́n, ó fi tuntun sí i. Àwọn ọmọ mẹ́ta lọ bá bàbá ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì láti ka ìṣirò wọn fún un. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n tún un kà.

Alhaji, ojú ewé mẹ́ta tí ẹ rí nìyẹn. Bí ẹ bá gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ tì í, ẹ ó rí i pé ìṣirò lórí àkókò, ìpín ẹlẹ́yọ, yíyí ìwọ̀n kan sí òmíràn, àyíká òbíríkítí àti àkóónú ohun roboto ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí n fi ọ̀sẹ̀ tó ju méjì lọ kọ́. Mo tún dán wọn wò lẹ́yìn oṣù kan láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, mo yí ìbéèrè padà sí kànga àti dúróòmù, ó sì hàn pé kò tíì kúrò lórí wọn.

Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀nà yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1969, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì McMaster ní ìlú Hamilton, ní Kánádà, gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ fi ọdún púpọ̀ kọ́ orúkọ eegun àti iṣan sórí kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn kan ṣoṣo. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aláìsàn kan, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọn kò mọ̀, kí wọ́n lọ wá èyí tí wọn kò mọ̀, kí wọ́n padà wá. Ní 1974, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìlú Maastricht ní Netherlands tẹ̀ lé wọn, ọdún yẹn kan náà sì ni Yunifásítì Aalborg ní Denmark bẹ̀rẹ̀, tó ń fi ìṣòro àwùjọ kọ́ àwọn tó fẹ́ di ẹnjiníà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan nìyí, Yunifásítì Ìlọrin kò jìnnà sí wa. Ètò tí wọ́n ń pè ní COBES ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, èyí tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní ìlú àti abúlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n máa ka ilé, kí wọ́n máa béèrè ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọnmi, kí wọ́n mọ àìsàn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n sì wá ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Mo rí irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ nílùú wa ní ìhà Ìgbómìnà, nígbà tí sòbìyà, aràn tí ènìyàn ń kó láti inú omi mímu, ṣì ń bá ọ̀pọ̀ abúlé ní Kwárà jà. Ọ̀kan jókòó ti ìyá àgbà mi lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bi í bí wọ́n ti ń ṣe omi odò kí wọ́n tó mu ún, ó sì fi aṣọ funfun sẹ́ omi níwájú wa. Ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìyà. Ó ti pẹ́ tí ìyá àgbà mi ti lọ, ṣùgbọ́n mo ṣì rántí pé ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn ló ń béèrè, arúgbó tí kò kàwé ló ń dáhùn.

Àwọn amọ̀kòkò wa ní Òkèlele, ní Ìlọrin níbí, kò tilẹ̀ dúró de yunifásítì kankan. Ọmọ tó bá wà lọ́dọ̀ ìyá tó ń mọ ìkòkò, ọjọ́ tí ìkòkò rẹ̀ bá fọ́ nínú iná ni yóò mọ ìdí tí amọ̀ fi gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, nítorí omi tó kù nínú rẹ̀ á di ooru, á wá ọ̀nà jáde, á sì fọ́ ìkòkò. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sí ìwé fún un kó tó ri ọwọ́ bọ amọ̀.

Mo fẹ́ sọ èyí tó bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìṣòro èyíkéyìí la lè gbé wọ kíláàsì. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí, mo gbé ọ̀rọ̀ omíyalé Odò Asà, tó gba àárín Ìlọrin kọjá, kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la lò lé e lórí. Àwọn ọmọ ya àwòrán tó dára, wọ́n jà lórí ẹni tó jẹ̀bi láàárín ìjọba àti àwọn tó ń da ìdọ̀tí sínú odò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ìṣirò tí wọ́n kọ́ nínú rẹ̀, n kò rí i. Ìṣòro náà gbòòrò ju ọwọ́ wọn lọ, n kò sì fi ibi tí wọn yóò ti dì í mú hàn wọ́n. Ẹ̀bi mi ni. Ní 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Kirschner, Sweller àti Clark, kọ ọ́ pé ẹni tí kò tíì mọ nǹkan púpọ̀ lórí ohun kan kì í kọ́ ọ dáadáa tí olùkọ́ bá fi í sílẹ̀ kó máa táràrà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn bí mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àmọ́ lẹ́yìn Odò Asà mo gbà pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ jókòó. Òun ló ní láti yan ìṣòro tó ṣeé wọ̀n, tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, tí kò sì ní yanjú láìlo ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ wọn gan-an. Òun náà ló sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí láti kọ́ni tààrà nígbà tí ebi ẹ̀kọ́ náà bá pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni n kò tako àkọ́sórí. Ìlú ilé kéwú ni Ìlọrin, a mọ ohun tí ọmọ tó kọ́ nǹkan sórí lórí wàláà lè ṣe. Ọmọ tí kò mọ ìsọdipúpọ̀ 8 lórí kò lè pín 4,020 nídìí ẹ̀rọ omi.

Ohun kan tún wà tí mo kíyè sí. Yorùbá ni àwọn ọmọ fi ń jiyàn nídìí táǹkì, èmi náà kò sì dá wọn dúró, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wá fi kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti yé wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èyí hàn wá láti 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé a ṣì ń bá ọmọ wí nítorí pé ó fi èdè ìyá rẹ̀ ronú.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò sọ. Ọmọ 70 ló wà nínú kíláàsì, ìṣẹ́jú 40 ni píríọ́dù, ètò ẹ̀kọ́ sì pọ̀ láti parí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí a máa ṣe é lójoojúmọ́. Ìṣòro kan ṣoṣo ní sáà kan tó, kí àwọn olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta sì pawọ́ pọ̀ ṣe é, kí ti ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti èdè Gẹ̀ẹ́sì lo ìṣòro kan náà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ ní Kwárà, ohun tí mo ń tọrọ kò ná wọn lówó: kí wọ́n pàṣẹ pé apá kan nínú máàkì CA, ìyẹn máàkì iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe láàárín sáà kí ìdánwò tó dé, gbọ́dọ̀ wá láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí kò bá ní máàkì, òbí kò ní kà á sí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní fi àyè sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé ní ọdún 1982, ìyẹn ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SSS, mẹ́rin ní yunifásítì, wọ́n ra ẹ̀rọ fún Introtech, ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, káàkiri, mo sì rántí àwọn àpótí onígi ńlá ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, tí ẹnikẹ́ni kò tú títí tí ikán fi jẹ wọ́n. Ẹ̀rọ kọ́ la tún nílò báyìí. Igò, okùn àti igi la fi ṣe tiwa.

Ní sáà tó ń bọ̀, kóńgò ni a ó wọ̀n. A ó yá kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní Ọjà Ìpàtà, àwọn ọmọ yóò wá ìdí tí gàrí ẹnì kan fi máa ń pọ̀ ju ti ẹnìkejì lọ bí iye owó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, bóyá kóńgò ni kò dọ́gba tàbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bù ú. Mo ti ránṣẹ́ sí Alhaji pé kó wá jókòó tì wá. Ìyàwó rẹ̀ ń ta gàrí, ọmọ rẹ̀ sì ti ní kóńgò màmá òun ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwárà.